Ọ̀nà Tí Mi Ò Fẹ́ Kí Wọ́n Tún Ṣe

Inú ẹ̀wọ̀n ní Ouagadougou, olú ìlú Burkina Faso, ni mo ti ń sọ̀rọ̀ yìí, ibẹ̀ náà ni màá kú sí. Adájọ́ sọ ọ́ lédè Faransé, wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ fún mi, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo gbọ́ Faransé ju ẹni tó ń túmọ̀ lọ: ẹ̀wọ̀n gbére, títí èémí yóò fi bọ́ lẹ́nu mi. Mi ò pe ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò wá àánú wá sọ́dọ̀ yín. Àwọn tó yẹ kí ẹ ṣàánú wọn wà nínú ilẹ̀, èmi ni mo sì rán wọn lọ síbẹ̀.

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi. Aṣọ ló ń tà nígbà tó dé ìlú yìí. Ó gba ilé sí àdúgbò Dapoya, ibẹ̀ ni wọ́n sì bí mi sí. Yorùbá nínú ilé, Mooré ní ìgboro, Faransé nílé ìwé, bí mo ṣe dàgbà nìyẹn. Nígbà tí bàbá mi kú, mi ò bá òwò aṣọ lọ. Irin ni mo fẹ́ràn. Mo kọ́ bí a ṣe ń tún sípíríǹgì ọkọ̀ akẹ́rù ṣe, mo sì ń ta ẹ̀yà ọkọ̀ tí wọ́n ń kó wá láti Èkó àti Kútọnu. Nígbà tó yá, mo ṣí ìsọ̀ sí ẹ̀yìn Kossodo, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá ti parí, tí títì kọjú sí ìgbèríko.

Mo mọ ìdí tí mo fi yan ibẹ̀. Iwájú ìsọ̀ mi gan-an ni títì ti wó. Omi òjò ti jẹ abẹ́ rẹ̀, ó wá di kòtò kan tí àwọn awakọ̀ ń ṣépè fún láràárọ̀. Bí ọkọ̀ tó gbé ẹrù wúwo bá kó sínú rẹ̀, àfàìmọ̀ kí sípíríǹgì rẹ̀ má ṣẹ́. Bó bá sì ti ṣẹ́, ta ló wà nítòsí bí kò ṣe èmi? Kòtò yẹn ló bá mi fẹ́ Risikatu ìyàwó mi. Òun ló rán Mulika ọmọ wa lọ sílé ìwé. Àwọn èèyàn ń bú u, èmi ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ikùn mi.

Lára àwọn oníbàárà mi, Salifu ló sún mọ́ mi jù. Ọmọ Mossi ni, awakọ̀ tó ń gbé àlùbọ́sà wá láti ọ̀nà Kaya. Ó máa ń pè mí ní pàtírọ̀n, ìyẹn ọ̀gá, kì í sì í kọjá láìgbé àlùbọ́sà díẹ̀ sílẹ̀ fún ìyàwó mi. Nígbà tí a sọ Mulika lórúkọ, ó fa àgùntàn kan wá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ rántí èyí tí ẹ bá ń gbọ́ ìyókù.

Lọ́dún kan, lẹ́yìn òjò, àwọn ará abúlé tó wà nítòsí kó yangí, wọ́n sì dí kòtò náà fúnra wọn. Salifu wà lára àwọn tó bá wọn fi ṣọ́bìrì kó o. Láti ìgbà yẹn ni ọkọ̀ ti ń kọjá láìdúró. Mo jókòó síwájú ìsọ̀, mò ń wo ẹ̀yìn wọn, inú sì ń bí mi bí ẹni tí wọ́n jà lólè.

Mo ní àgbá omi ńlá kan tí a fi ń fọ ẹ́ńjìnnì. Ẹ̀yìn ìsọ̀ ni omi ìdọ̀tí rẹ̀ ń ṣàn sí. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan mo mú ọkọ́, mo la ojú ọ̀nà tuntun fún un, kí ó máa ṣàn lọ sórí yangí tí wọ́n dà. Risikatu gbé oúnjẹ dé, ó bá mi lẹ́nu rẹ̀.

Ó ní, “Bàbá Mulika, ojú títì mà ni omi yẹn ń lọ.”

Mo ní, “Omi lásán ni.”

“Ṣé kì í ṣe omi lásán ló gbẹ́ ibẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́?”

Mo ní kó kó abọ́ rẹ̀ kó máa lọ ilé. Nígbà tí yangí rọ̀, tí kòtò lanu padà, ọkàn mi gún mi díẹ̀. Nígbà tí sípíríǹgì àkọ́kọ́ ṣẹ́, mo ti gbàgbé pé ó gún mi. Ibẹ̀ ni ìṣubú mi ti bẹ̀rẹ̀. Ká ní mo fi ọkọ́ yẹn sílẹ̀ lọ́jọ́ náà ni, mi ì bá tí sí níbí.

Lẹ́yìn náà ni ìròyìn dé pé ìjọba fẹ́ náwó sórí títì náà. Wọ́n fẹ́ fẹ̀ ẹ́, kí wọ́n da ọ̀dà sí i, kí wọ́n sì ṣe afárá síbi tí omi ń gbà. Wọ́n pe gbogbo àwa tí a ń ṣòwò létí ọ̀nà sí ìpàdé ní Kossodo. Ẹnjiníà tó wá bá wa sọ̀rọ̀ ń jẹ́ Múmúnì, ọkùnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tí bàtà rẹ̀ kún fún eruku. Ó sọ ọ́ ní Mooré kí gbogbo wa lè gbọ́. Ó ní àlùbọ́sà àti tòmátì ń jẹrà lójú ọ̀nà, àwọn aboyún kì í tètè dé ọsibítù, ilé iṣẹ́ tó fẹ́ wá sí Kossodo ń sá nítorí ọkọ̀ wọn. Ó ní owó tí a bá dà sórí ọ̀nà, ọjà ló máa dá a padà, fún wa àti fún àwọn ìlú tó wà níwájú.

Mo dìde. Mo ní, “Musiọ, àwa tí à ń jẹun lára ọ̀nà tó bàjẹ́ yìí ńkọ́?”

Ó bi mí ohun tí mò ń ṣe. Mo ní sípíríǹgì ni mò ń tún ṣe. Gbogbo ìpàdé bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn wọ̀ mí lára, kò sì jáde mọ́. Ẹnjiníà nìkan ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó ní, “Ọkọ̀ máa pọ̀ sí i, pàtírọ̀n. Ọkọ̀ tó bá pọ̀ á fẹ́ táyà, á fẹ́ bíréèkì, á fẹ́ òróró ẹ́ńjìnnì. Ẹ tètè yí ọjà yín padà.”

Alájì Lamidi, àgbà àwa Yorùbá tí a ń ta ẹ̀yà ọkọ̀, bá mi rìn padà. Ó ní òótọ́ ni ọkùnrin náà sọ, ó sì ní òun á mú mi lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń kó táyà wá láti Kútọnu. Mo ní, “Alájì, ẹ̀yin ti jẹun yó ní tiyín. Ẹ fi mí sílẹ̀.” Mi ò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àgbà rí. Ó wò mí, ó sì yà gba ọ̀nà tirẹ̀ lọ.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Katakata ń ké láti àárọ̀ dalẹ́, mo sì kórìíra ohùn rẹ̀. Mo kórìíra àwọn òṣìṣẹ́, àti ẹ̀rín wọn, àti bí wọ́n ṣe ń jẹun níwájú ìsọ̀ mi. Bí wọ́n bá wá bu omi mu, màá ní omi ti tán. Mò ń sọ fún àwọn awakọ̀ pé ayédèrú iṣẹ́ ni wọ́n ń ṣe, pé afárá wọn máa wó lórí ẹnì kan. Nígbà tí wọ́n dé ibi kòtò mi, wọ́n gbẹ́ ẹ jìn ju èèyàn lọ láti fi ṣe afárá. Wọ́n la ọ̀nà kékeré sí ẹ̀gbẹ́ fún ọkọ̀, wọ́n to àgbá tí wọ́n kùn ní pupa àti funfun dí ojú títì, wọ́n sì fi ọlọ́dẹ kan tó ń jẹ́ Yamba ṣọ́ ọ. Bàbá arúgbó ni, ó máa ń dáná sí ẹ̀gbẹ́ àgbá náà, á sì kí mi láràárọ̀.

Ní òru ọjọ́ kan, mo wá rò ó pé bí ọkọ̀ kan bá já sínú kòtò wọn, tí awakọ̀ kan ṣẹ́sẹ̀, àwọn èèyàn á bínú, iṣẹ́ á sì dúró. Ẹsẹ̀ awakọ̀ kan, bí mo ṣe rò ó nìyẹn. Mo ti fi ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ ṣe òwò kí n tó dìde lórí ibùsùn.

Ìgbà ọyẹ́ ni. Eruku bo gbogbo ilẹ̀ débi pé ẹni tó wà lódìkejì títì ò ṣeé rí. Ní ìdájí, wọ́n pe ìrun ní mọ́sálásí tó wà nítòsí. Mo lọ bá Yamba nídìí iná rẹ̀.

Mo ní, “Bàbá, ẹ lọ kírun. Màá bá yín dúró.”

Ó ní, “Barka, o ṣé, ọmọ mi.” Ó gbé kẹ́tù àlùwàlá rẹ̀, ó sì lọ.

Mo yí àwọn àgbá náà sínú koríko lọ́kọ̀ọ̀kan. Wọn ò wúwo. Mo padà síwájú ìsọ̀ mi, mo dúró. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ìró ọkọ̀, mo sì mọ ọ́n. Ọkọ̀ Salifu ni. Ọwọ́ mi ni mo fi tún abẹ́ ọkọ̀ náà ṣe, mo mọ bó ṣe ń dún tó bá gbé ẹrù. Ó ti lo ọjọ́ mélòó kan ní Kaya; nígbà tó ń lọ, wọn ò tíì gbẹ́ ibẹ̀. Bí kò bá sí àgbá lójú títì, kò sí ohun tó máa sọ fún un pé kó yà.

Àyè wà. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé àyè wà. Mo lè sáré bọ́ sójú títì, mo lè ju fìlà mi sókè, mo lè pariwo orúkọ rẹ̀. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé ẹ̀rù ló di ẹnu mi. Mo ronú ni. Mo rò ó pé bí mo bá pariwo, wọ́n á bi mí bí mo ṣe mọ̀ pé àgbá ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo pa ẹnu dé. Ọkọ̀ kọjá níwájú mi nínú eruku, ó sì já.

Kì í ṣe Salifu nìkan ló wà nínú rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ni àlùbọ́sà jókòó sórí àpò wọn, wọ́n ń bọ̀ wá sí ọjà. Ọkọ̀ náà dojú dé wọn. Mi ò ní sọ ohun tí mo rí fún yín. Àwọn òṣìṣẹ́ tí mo fi omi dù ló fi ọwọ́ lásán walẹ̀ yọ wọ́n. Èmi náà sọ̀ kalẹ̀, mò ń ṣe bí ẹni tó ń ṣèrànwọ́. Salifu ṣì ń mí. Ó dì mí lọ́wọ́ mú.

Ó ní, “Pàtírọ̀n, mi ò rí àmì kankan lójú títì. Sọ fún wọn pé mi ò sùn lórí ọkọ̀.”

Mo ní màá sọ fún wọn. Kó tó dé ọsibítù, ó ti kú.

Nígbà tí àwọn ọlọ́pàá tí wọ́n ń pè ní jàndámù dé, mo ní Yamba ló fi ibi iṣẹ́ rẹ̀ sílẹ̀. Bàbá náà ń sọ pé èmi ni mo ní kó lọ kírun, mo sì wò ó lójú, mo ní ó ń purọ́. Wọ́n mú un lọ. Iṣẹ́ dúró bí mo ṣe fẹ́, àwọn èèyàn sì ń ju òkúta lu katakata. Mi ò lè jẹun.

Ìyàwó Yamba wá sí àgbàlá wa ní Dapoya. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú Risikatu, ó ní ọkọ òun ò purọ́ rí láti ìgbà tí òun ti fẹ́ ẹ. Nígbà tó lọ tán, Risikatu ti ilẹ̀kùn.

Ó ní, “Ṣé ẹ̀yin lẹ ní kí bàbá yẹn lọ kírun?”

Mo ní kó má dá sí ọ̀rọ̀ ọkùnrin.

Ó ní, “Ẹ lọ sọ fún wọn. Bí ẹ ò bá lọ, èmi á lọ.”

Mo gbọ́wọ́ sókè sí i. Kò yẹra. Ó wò mí bí ẹni tó ń wo ohun tó ń rùn, ó mú ìborùn rẹ̀, ó sì jáde. Òun ló sọ ọ̀rọ̀ omi fún àwọn jàndámù, òun ló sọ fún wọn pé mo ti jáde kí wọ́n tó pe ìrun. Wọ́n padà lọ wo àgbá inú koríko, wọ́n da ìbéèrè bò mí, mo sì jẹ́wọ́. Wọ́n tú Yamba sílẹ̀. Kò wá wò mí, kò sì yẹ kó wá.

Ní kóòtù, wọ́n bi ìyá Salifu bóyá ó ní ọ̀rọ̀ láti bá mi sọ. Ó ní òun ò ní, pé òun ò fẹ́ kí ohùn òun wọ etí mi. Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó sì jókòó bẹ́ẹ̀ títí adájọ́ fi parí ọ̀rọ̀. Nínú ẹ̀wọ̀n níbí, awakọ̀ pọ̀ láàárín wa. Wọn kì í bá mi jẹun. Olè ń bá apànìyàn jẹun, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń bá mi jẹ. Risikatu ti mú Mulika lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́.

Alájì Lamidi wá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ó ní wọ́n ti parí títì náà, pé ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ láti Kossodo títí dé Kaya. Mo bi í ta ló wà ní ìsọ̀ mi. Ó ní ọmọkùnrin kan tó ń ta táyà àti òróró ni, pé oníbàárà kì í jẹ́ kó jókòó. Kò sọ pé òun ti kìlọ̀ fún mi. Ó kàn dìde, ó gbọn aṣọ rẹ̀, ó lọ.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, lọ́kùnrin lóbìnrin, èmi kì í ṣe ẹni tó yẹ kó gbà yín nímọ̀ràn, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́. Bí oúnjẹ yín bá ń ti ara ìnira ẹlòmíràn wá, ẹ wá iṣẹ́ mìíràn nígbà tí ilẹ̀ ṣì mọ́. Bí ohun rere bá ń bọ̀ wá bá gbogbo ìlú, tí ẹ sì rí i pé ẹ̀yin nìkan ni inú yín ń bàjẹ́, ara yín ni kí ẹ fura sí. Bí ó bá sì ṣẹlẹ̀ pé ẹ ti ṣe ibi, tí ẹ ń gbọ́ ìró ọkọ̀ tó ń bọ̀ sórí rẹ̀, ẹ pariwo. Kódà bó jẹ́ ọwọ́ yín lẹ fi gbẹ́ kòtò náà, bó sì jẹ́ pé ariwo yẹn ló máa mú yín, ẹ bọ́ sójú títì, kí ẹ pariwo.