Orúkọ Méjì Tí Mo Gbé Lọ Bá Pásítọ̀

Ẹ bá mi gbé Jésù ga! Ẹ gbé e dáadáa, ẹ̀yin ará, torí ó ti rẹ̀ mí, ohùn èmi nìkan ò lè gbé e.

Èmi ni mo ní ọ́fíìsì kékeré ní Ìkòsí tó ń ṣe wẹ́ẹ̀bùsáìtì. A ò ju mẹ́ta lọ: èmi, Kúnlé àti Bísí. Alhaja kan tó ń ta tòmátì ní ọjà Mile 12 gbé iṣẹ́ fún wa, sáìtì tí àwọn oníbàárà wọn á ti máa ra tòmátì kí ọkọ̀ tó dé láti òkè Ọya. Ni ìjà bá dé.

Orí framework ni ìjà wà. Ẹni tí ò bá mọ̀ ọ́n, ẹ fi wé ilé tí wọ́n ti ri òpó rẹ̀ mọ́lẹ̀, tó kù kéèyàn wá kọ́ yàrá sí i. Kúnlé fẹ́ tuntun kan tí òun nìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó. Bísí fẹ́ èyí tí gbogbo wa ti ń lò bọ̀. Ohun tá a bá kọ́ lónìí, a ó tú u ká lọ́la. Wọn ò kí ara wọn mọ́. Olúwa, o ṣeun tí o ò jẹ́ kí n ya wèrè.

Alhaja pè mí. Wọn ò pariwo. "Ọmọ mi, tòmátì kì í dúró de ẹni tó ń jà. Tí oṣù yìí bá parí, mo máa gbé iṣẹ́ mi fún ẹlòmíì." Iṣẹ́ yẹn nìkan ló kù tó gbé ọ́fíìsì wa ró.

Mo bá kọ orúkọ framework méjèèjì sórí ìwé, mo gbé e lọ bá Pásítọ̀ wa, pé kí wọ́n bá mi béèrè èyí tí Ọlọ́run yàn. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àárẹ̀ ló gbé mi débẹ̀. Wọ́n wò ó títí, wọ́n dá a padà. "Tí sáìtì bá bàjẹ́ lọ́jọ́ tí ẹnì kan nínú yín ò wá síbi iṣẹ́, èwo ni àwọn tó kù lè tún ṣe?"

Mo padà, mo ní kí Kúnlé àti Bísí tún ibi tí kò ṣiṣẹ́ nínú iṣẹ́ ara wọn ṣe. Kúnlé tún ti Bísí ṣe kíá. Bísí jókòó ti ti Kúnlé títí, èmi náà jókòó tì í, kò yé wa. Kúnlé ń wò wá. Ìyàwó rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bímọ.

Ó ní, "Aunty, ẹ jẹ́ ká lo ti Bísí. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ máa wá mi lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ."

Ìjà parí nìyẹn. Alhaja gba sáìtì wọn kí oṣù tó parí. Ẹ bá mi dúpẹ́!

Ní Sátidé tó kọjá, à ń sọ ọmọ Kúnlé lórúkọ lọ́wọ́ ni sáìtì yẹn daṣẹ́ sílẹ̀. Bísí gbé laptop wọ yàrá, ó tún un ṣe. Kúnlé ò tiẹ̀ mọ̀. Ọmọ rẹ̀ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ìwọ tí ọ̀rọ̀ ti sú, tí o ò mọ èyí tí wàá yàn, Ọlọ́run tó gba tèmi rò á gba tìẹ náà rò. Mo dúpẹ́, mo tún dúpẹ́. Ẹ jẹ́ n lọ jókòó.