Mo Ń Dìde Bí Ọmọ Mi Bá Ti Jáde

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi dópin kí ẹ tó bú mi. Ó ti ju ọdún kan lọ tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà nínú mi. Àná ni mo gbọ́ tí ọmọ mi ń sunkún lórí fóònù, mo sì rí i pé bí mo bá tún dákẹ́, ayé rẹ̀ ni mo bà jẹ́.

Opó ni mí, ní Iléṣà. Àrùn rọpárọsẹ̀ kọlù mí nínú ilé ìdáná. Ilẹ̀ ni mo wà láti òwúrọ̀ títí àwọn ayálégbé tó kù fi ti ọjà dé. Mo ń gbọ́ ohùn àwọn tó ń kọjá, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò ṣí.

Dúpẹ́, ọmọ mi kan ṣoṣo, fi ilé ọkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Òṣogbo, ó wá ń tọ́jú mi.

Ní ọsibítù, nọ́ọ̀sì máa ń fi fọ́ọ̀mù kan béèrè ohun tí mo lè dá ṣe. Ṣé mo lè dá wẹ̀? Ṣé mo lè ti orí bẹ́ẹ̀dì dé orí àga? Òdo ni máàkì tí mo ń gbà. Nígbà yẹn, òótọ́ ni.

Ní oṣù kẹrin tí àìsàn náà ti kọlù mí, Dúpẹ́ lọ pọn omi. Mo di ògiri mú, mo sì rìn dé ẹnu ọ̀nà. Kàkà kí inú mi dùn, jìnnìjìnnì bò mí. Bí mo bá ti lè rìn, Dúpẹ́ á lọ, èmi nìkan á tún kù.

Nígbà tí a padà sí ọsibítù, nọ́ọ̀sì gbé ife omi síwájú mi. Mo jẹ́ kí ọwọ́ mi máa gbọ̀n. Dúpẹ́ ti kúnlẹ̀, ó ti gbé ife sí mi lẹ́nu.

Nọ́ọ̀sì ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ kí wọ́n gbìyànjú fúnra wọn."

"Kí n máa wo ìyá mi níran bí ẹni ń wo bọ́ọ̀lù? Ẹ kọ ọ́ síbẹ̀ pé èmi ni ọwọ́ wọn."

Nọ́ọ̀sì rẹ́rìn-ín, ó kọ òdo. Mo dákẹ́.

Títí di òní, òun ló ń wẹ̀ mí, òun ló ń gbé mi lọ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀. Ẹ̀yìn ti ń dùn ún. Bó bá jáde, mo ń dìde. Bí mo bá gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀, màá padà dùbúlẹ̀.

Àná, ọkọ rẹ̀ pè é, ó ní bí kò bá dé kí oṣù yìí tó parí, kó má wulẹ̀ wá mọ́. Ó dá a lóhùn pé, "Ẹ fẹ́ ẹlòmíràn. Ìyá mi kò lè dá mu omi."

Ẹ jọ̀ọ́, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́? Bí mo bá dìde lójú rẹ̀, yóò mọ̀ pé kì í ṣe òní ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í rìn. Bí mo bá dákẹ́, ilé rẹ̀ tú. Ẹ̀rù pé n óò tún dá wà sì ń bà mí síbẹ̀.

Ó ti ń pè láti ẹ̀yìnkùlé: "Màámi, omi yín ti lọ́ wọ́ọ́rọ́, mò ń bọ̀ wá gbé yín." Kí ni kí n ṣe?