Ṣíbí Tí Elisha Fi Sílẹ̀

Ẹ̀yin ará ilé mi, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo ti gbé mì láti ọdún márùn-ún, kò sì fẹ́ bá mi wọ sàréè. Kí èmi Béjidé ará Ìwàràjà tó kú, ẹ jẹ́ kí n bì í síta. Ìwé mẹ́rin ni mo kà. Ẹ má wo àṣìkọ mi.

Ẹ mọ̀ pé èmi àti Ọlágòkè àbúrò mi kì í jẹun pọ̀. Nígbà tí ìyá wa kú, kò dúró kí n ti oko dé kó tó sin ín. Òkìtì erùpẹ̀ ni mo bá. Ibẹ̀ ni mo ti jẹ́jẹ̀ẹ́ pé ohunkóhun tó bá ti inú ìkòkò ilé Ọlágòkè jáde kò ní kan ẹnu mi mọ́. Lọ́dún 1994, ọkọ̀ gbá mi ní oríta, ẹsẹ̀ mi kán. Wọ́n gbé mi lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Iléṣà, wọ́n so ẹsẹ̀ mi rọ̀. Èmi tí n kò láya, tí n kò bímọ, ta ni yóò gbé oúnjẹ wá fún mi? Julianah ìyàwó Ọlágòkè ni. Ojoojúmọ́ ló ń wọkọ̀ wá. Yóò gbé abọ́ kalẹ̀, yóò ní, “Ọkọ mi, ẹ jẹ ẹ́ o. Èmi kọ́ ni mo sin ìyá.” Bó bá ti lọ, ẹni tó ń gbálẹ̀ ni mo ń gbé e fún.

Elisha, káfíńtà ará Ẹ̀sà-Òkè, ló wà ní bẹ́ẹ̀dì ẹ̀gbẹ́ mi. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun ti lu ìfun rẹ̀, wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ, kò jiná. Ohun tó bá gba ẹnu wọlé, ojú ọgbẹ́ ló ń gbà jáde. Wọ́n ní kó má jẹun rárá, omi oúnjẹ inú ìgò tí wọ́n ń fà sí i lójú iṣan ló fi ń gbé ẹ̀mí. Síbẹ̀ ó fi ṣíbí kan sábẹ́ ìrọ̀rí, ó ń retí ọjọ́ tí yóò jẹun. Yóò ní, “Bàbá Ìwàràjà, ẹ bá mi ṣí abọ́ yẹn kí n gbóòórùn rẹ̀.” N óò ní, ṣé wọn ò ní o ò gbọdọ̀ jẹun ni? “Ẹnu ni wọ́n dè. Wọn ò ṣiṣẹ́ abẹ fún imú mi.” Yóò wá fa òórùn ẹ̀fọ́ símú. “Ìyàwó yìí mọ irú lò. Ẹ jẹ ẹ́ kó tó tutù.”

Ìgbà tí mo ń joro, dókítà fi ẹ̀rọ etí rẹ̀ gbọ́ inú mi. Ó ní, “Bàbá, ìfun yín ń ṣiṣẹ́. Ẹni tí ìfun rẹ̀ bá ń ṣiṣẹ́, ẹnu ni kó fi jẹun. Oúnjẹ ojú iṣan léwu, ẹni tí kò ní ọ̀nà mìíràn la ń fún.” Ó nawọ́ sí Elisha. Ó ní ìgò mẹ́rin péré ló kù, wọ́n ti ránṣẹ́ sí Òṣogbo fún òmíràn. Mo wo omi náà, ó funfun bíi wàrà. Ọkàn mi ní, oúnjẹ rèé tí kò ti ìkòkò ẹnikẹ́ni jáde. N óò yó, ẹ̀jẹ́ mi kò ní bàjẹ́.

Bí Nọ́ọ̀sì Kifayat bá ti fún mi lógì ilé ìwòsàn, tí kò lè yó ni, tó yíjú, n óò ki ìka bọ ọ̀fun, n óò bì í, kí wọ́n lè rò pé oúnjẹ kì í dúró nínú mi. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo ṣe é. Elisha rí mi. Kò sọ fún wọn. Ó kàn ní, “Bàbá, kí ni oúnjẹ ṣe yín?” Mo ní kó gbọ́ tara rẹ̀. Dókítà mirí, ó pín ìgò náà: méjì fún èmi tí mo lè jẹun, méjì fún Elisha tí kò lè jẹun. Epo ọkọ̀ wọ́n lọ́dún náà. Ọkọ̀ Òṣogbo kò tètè dé. Méjì tirẹ̀ tán. Ọ̀sán ọjọ́ kẹta tí wọ́n pín in ló kú, ìgò kejì tèmi sì ń kán sí mi lára lọ́wọ́.

Ọlájùmọ̀kẹ́ ìyàwó rẹ̀ palẹ̀ ẹrù mọ́, ó fi ṣíbí náà lé mi lọ́wọ́. “Ó ní kí n fún yín. Ó ní ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ máa jẹun.” N kò lè wo ojú rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ńṣe ni mo ń dá nìkan jẹun, nínú yàrá tí ẹnikẹ́ni kì í kan ilẹ̀kùn rẹ̀. Lánàá mo ránṣẹ́ sí Julianah pé kó ro ẹ̀fọ́ wá. Ó jókòó tì mí títí mo fi jẹ ẹ́ tán. Irú wà níbẹ̀ lóòótọ́. Ẹ̀yin ọmọdé, ẹ bínú bó bá wù yín, ṣùgbọ́n bí abọ́ bá dé iwájú yín, ẹ jẹ ẹ́. Ọlájùmọ̀kẹ́, dárí jì mí. Bí o kò bá lè ṣe é, èmi kọ́ ni n óò sọ pé kí ẹnikẹ́ni má bínú. Julianah yóò gbé ṣíbí ọkọ rẹ wá. Mo ti fọ̀ ọ́. Kò kan ẹnu mi rí.