Orúkọ Àbúrò Mi Lẹ́gbẹ̀ẹ́ Iye Ọjà

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá mi fara balẹ̀ gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, nítorí èmi fúnra mi ò lè fara balẹ̀ mọ́. Lọ́jọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ní Iléṣà, àwọn ẹbí mi máa pé jọ sí ṣọ́ọ̀ṣì láti ṣe ìsìn ìkẹyìn fún àbúrò mi ọkùnrin, ẹni tí gbogbo wọn gbà pé ó ti kú. Màámi ti rán aṣọ dúdú. Àwọn àgbà ní èèwọ̀ ni fún un láti dé ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó fárígá, ó ní òun ni òun bí i, òun á wà níbẹ̀. Èmi tí mò ń bá yín sọ̀rọ̀ láti Johannesburg ńbí, mo mọ̀ pé ọmọ náà wà láàyè. Láàárọ̀ òní gan-an, ó wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, ó ń ta irin nínú géèmù. Mi ò sì tíì sọ fún ìyá mi! Mo gbé ọbẹ̀ kaná, ó jóná. Mo jókòó, mo dìde. Mò ń ti yàrá bọ́ sí pálọ̀, mò ń ti pálọ̀ bọ́ sí ẹ̀yìnkùlé bí ẹni tí nǹkan rẹ̀ sọnù, bẹ́ẹ̀ ohun tó sọnù ni mo ti rí.

Apòògùn ni mí. Ilé ìtajà oògùn kan nítòsí Joubert Park ni mo ti ń ṣiṣẹ́, inú ilé àtijọ́ kan ní Bertrams ni mo sì háyà sí. Múyìwá ni àbíkẹ́yìn wa. Ó wá bá mi níbí lẹ́yìn tó parí ìwé rẹ̀. Kò ríṣẹ́, ló bá dara pọ̀ mọ́ Gbóyèga, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà ní Iléṣà, tí ilé ìyá rẹ̀ kò jìnnà sí tiwa rárá. Àwọn méjèèjì ṣí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń tún fóònù ṣe sí Soweto. Bí Múyìwá bá ti ibi iṣẹ́ dé nírọ̀lẹ́, á jẹun, á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀ nínú pálọ̀, á máa gbá géèmù, á máa dá rẹ́rìn-ín. Bí mo bá bi í pé kí ló ń rí níbẹ̀, á ní, "Àǹtí mi, ọjà ni mò ń ná o. Ẹ wá wò ó." Èmi á ní ó ti rẹ̀ mí.

Lọ́jọ́ kan ni àwọn kan dìde sí àwọn àjèjì ní àdúgbò tí ṣọ́ọ̀bù wọn wà. Wọ́n ń sọ òkúta, wọ́n ń fọ́ fèrèsé, wọ́n ń tiná bọ ṣọ́ọ̀bù. Kí n tó gbọ́, kí n tó rí táksí tó gbà láti gbé mi lọ síbẹ̀, ọlọ́pàá ti dí ọ̀nà. Ọsibítù ni mo ti rí Gbóyèga. Wọ́n ti fọ́ ọ lórí, apá rẹ̀ ti ṣẹ́, kò dá mi mọ̀. Múyìwá ńkọ́? Kò sẹ́ni tó rí i. Mo wá a kiri gbogbo ọsibítù, mo wá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, mo wá a dé ibi tí wọ́n ń tọ́jú òkú sí, níbi tí mo gbàdúrà pé kí ẹsẹ̀ mi má tún gbé mi dé mọ́ láé. Fóònù rẹ̀ kò lọ. Gbóyèga bẹ̀rẹ̀ sí í gbádùn díẹ̀díẹ̀. Ilé mi ló wà tí mo ti ń tọ́jú rẹ̀, títí ó fi lè rìn dáadáa tó sì padà sílé ní Iléṣà. Ti Múyìwá kò yé ẹnikẹ́ni. Ọdún yípo, ọdún tún yípo. Bí Màámi bá pè mí, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó máa ń tẹnu rẹ̀ jáde ni, "Ṣé ó ti dé?" Nígbà tó yá, kò bi mí mọ́. Háà! Ìgbà tí kò bi mí mọ́ yẹn ló dùn mí jù.

Kọ̀ǹpútà rẹ̀ ṣì wà nínú pálọ̀ níbi tó fi í sí. Ní ọjọ́ Sátidé kan tí mo fọṣọ tán, mo kàn ṣàdédé tan án. Bóyá mo fẹ́ mọ ohun tó ń mú un rẹ́rìn-ín ni, mi ò mọ̀. Mo ṣí géèmù náà, mo fún ara mi lórúkọ, mo wọlé. Ayé kan ló wà níbẹ̀, tó kún fún ìlú ńláńlá àti ìlú kéékèèké. Àwọn ènìyàn láti orílẹ̀-èdè gbogbo ń wa irin, wọ́n ń rán aṣọ, wọ́n ń se oògùn, wọ́n sì ń tà á fún ara wọn lọ́jà. Iye tí wọ́n ń ta irin ní ìlú kan kọ́ ni wọ́n ń tà á ní òmíràn. Ó di dandan kó o rìn dé ọjà kọ̀ọ̀kan kó o tó mọ̀. Mo bá ń rìn. Ó tù mí lára ju bí mo ṣe rò lọ.

Thandi, ọmọ Soweto tí a jọ ń ṣiṣẹ́, tóun náà ń gbá géèmù ọ̀hún, gbọ́ ọ lẹ́nu mi, ó bú sẹ́rìn-ín. "Eish, sísì mi! Ṣé ìwọ ló ń fẹsẹ̀ rìn láti ìlú dé ìlú kó o tó mọ iye irin? Áàpù kan wà fún un. Gbé e sórí kọ̀ǹpútà rẹ, shap, ó tán." Ó ṣàlàyé fún mi pé gbogbo ẹni tó bá ní áàpù yìí ló ń ran ara wọn lọ́wọ́. Ọjà tí ìwọ bá ṣí, áàpù náà á ka iye tí wọ́n ń ta nǹkan níbẹ̀, á fi han gbogbo àwọn yòókù. Èyí táwọn náà bá ṣí, ìwọ á rí i láì kúrò lójú kan. Ẹ̀rù kọ́kọ́ bà mí, mo ní kí ó má lọ jẹ́ pé olè ni wọ́n. Thandi wá sí Bertrams lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú, ó jókòó tì mí, a jọ fà á wálẹ̀ láti orí íńtánẹ́ẹ̀tì. Áàpù náà béèrè bóyá mo gbà kí òun máa pín iye ọjà tí mo bá rí. Thandi ní, "Tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Kò ka nǹkan míì." Mo tẹ̀ ẹ́.

Gbogbo ọjà ayé yẹn tò wálẹ̀ níwájú mi. Ìlú, ọjà, iye rẹ̀, àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, orúkọ ẹni tó mú iye náà wá àti ìgbà tó rí i. Mo wá irin. Ìlú kan wà létí òkun tí wọ́n ti ń rà á gan-an, orúkọ ẹni tó sì mú iye ibẹ̀ wá láàárọ̀ ọjọ́ náà ni Kojeyan.

Ẹ̀yin èèyàn mi, mo tún orúkọ náà kà. Kòjẹyán ni ìyá bàbá wa ń pe Múyìwá nígbà tó wà ní kékeré, nítorí òun nìkan ló máa ń ya ẹnu sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí wọ́n bá gbé iyán síwájú rẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà tí kì í jẹ iyán! Ìyá àgbà kú, orúkọ náà bá a lọ. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí wa nínú ilé. Thandi ń bi mí pé kí ló dé. Mò ń fi ìka kan orúkọ náà lójú kọ̀ǹpútà.

Láti ọjọ́ yẹn ni oorun ti dá lójú mi. Mò ń sọ fún ara mi pé ṣé Yorùbá kan ṣoṣo ló wà láyé ni, ṣé ẹlòmíràn ò lè kórìíra iyán? Àmọ́ nígbàkigbà tí mo bá ṣí áàpù náà, ó ti dé ọjà yìí, ó ti dé ọjà tọ̀hún. Bí mo bá rìn dé ìlú kan nínú géèmù, ó ti kúrò níbẹ̀. Níbi iṣẹ́, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ fún ìyá arúgbó kan ní oògùn olóògùn, Thandi ló gbà á lọ́wọ́ mi. Nígbà tí mi ò lè mú un mọ́ra mọ́, mo kọ̀wé sí i nínú géèmù náà, ní èdè ilé wa: "Kòjẹyán, ṣé ìwọ nìyí? Àǹtí rẹ ni o."

Kò dáhùn. Láti ìgbà náà, kò mú iye tuntun wá mọ́. Iye ọjà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ rẹ̀ ń gbó lójú mi. Ó di ti àná, ó di ti ìjẹta, ó di ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo sunkún títí. Mo ní ọwọ́ ara mi ni mo fi lé e lọ.

Àfi bí mo ṣe rí ìwé rẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan: "Àǹtí mi, èmi ni. Ẹ má wá mi. Ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù ni mo gbà sá. Mo bojú wẹ̀yìn, mo rí Gbóyèga nílẹ̀, kò mira, mo sì ń sá lọ. Ojú wo ni kí n fi wo ìyá rẹ̀?"

Ṣé ẹ gbọ́ nǹkan? Láti ọjọ́ yìí wá, ó rò pé Gbóyèga ti kú! Mo yára kọ ọ́ pé Gbóyèga wà láàyè, pé mo tọ́jú rẹ̀, pé ó ti gbéyàwó. Ó fèsì pé, "Irọ́ lẹ̀ ń pa kí n lè wálé." Mo pe Gbóyèga ní Iléṣà. Ariwo tó pa lórí fóònù, ìyàwó rẹ̀ sáré wọlé wá bá a. Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó wá ní, "Àǹtí, ẹ bá mi bi í, ta ló jẹ búrẹ́dì tí mo fi pamọ́ sẹ́yìn káńtà láàárọ̀ ọjọ́ yẹn? A ṣì ń jà lórí ẹ̀ nígbà tí òkúta àkọ́kọ́ wọlé." Mo kọ ọ́ bó ṣe sọ ọ́. Mo dúró, mo dúró. Ìdáhùn rẹ̀ kò gùn: "Èmi ni mo jẹ ẹ́."

Mo rò pé ó parí náà nìyẹn. Kò parí. Ó ní òun ò tíì lè bọ́ síta, pé ojú ń ti òun, pé kí n má tíì sọ fún Màámi títí òun á fi ṣe tán. Ó ní bí mo bá sọ, òun ò ní kọ̀wé sí mi mọ́. Gbóyèga náà ti ṣèlérí pé òun á pa ẹnu mọ́. Kò sọ ibi tó wà. Àmọ́ ó tún ti ń mú iye ọjà wá lójoojúmọ́, ó sì mọ̀ pé mò ń wò ó. Àárín ìyẹn ni ẹ̀gbọ́n bàbá wa sọ pé ó tó gẹ́ẹ́, kí wọ́n ṣe ìsìn ìkẹyìn kí ọkàn Màámi lè balẹ̀. Mo kọ̀wé sí Múyìwá nípa rẹ̀. Ó ta irin láàárọ̀ yìí, kò fèsì.

Lánàá, Màámi ní kí n fi fọ́tò Múyìwá kan tó dára ránṣẹ́, wọ́n fẹ́ sọ ọ́ di ńlá kí wọ́n gbé e síwájú ìjọ. "Èyí tó ti ń rẹ́rìn-ín ni kó o mú," bẹ́ẹ̀ ló wí. Mo ti wá a rí, ó wà lọ́wọ́ mi báyìí. Láàárọ̀ yìí ó tún pè pé òun ò tíì rí nǹkan kan, mo ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dára. Ẹ̀yin abiyamọ, ẹ̀yin tí ẹ ní àbúrò, kí ni kí n ṣe? Bí mo bá lanu sọ̀rọ̀, mo lè pàdánù rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì. Bí mo bá dákẹ́, ìyá mi á wọ aṣọ dúdú fún ọmọ tó wà láàyè. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè gbà mí nímọ̀ràn. Fóònù tún ti ń dún, orúkọ Màámi ló sì wà lójú rẹ̀.