Ẹ̀gúsí Tí Mo Sá Sórí Kọ̀ǹpútà Ọmọ Mi

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi. Ọ̀rọ̀ kan há mi lọ́fun láti ìgbà òjò èṣí, kò lọ sílẹ̀, kò jáde. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo tó rí i sọ. Ara mi ti fúyẹ́, ṣùgbọ́n ó ku ibì kan tí mi ò tíì dé, ìdí nìyẹn tí mo fi ń kọ̀wé sí yín.

Tíṣà ni mí ní Ìṣẹ́-Èkìtì kí n tó fẹ̀yìn tì. Kọ́lá ọmọ mi ti Èkó dé pẹ̀lú kọ̀ǹpútà ńlá kan tó fi ń gbá géèmù, tó sì fi ń ṣe fídíò ìgbéyàwó fún àwọn èèyàn. Kọ̀ǹpútà náà ti gbó. Káàdì kan wà nínú rẹ̀ tó ń gbé àwòrán jáde, òun ló máa ń gbóná jù. Táyọ̀, ọ̀rẹ́ Kọ́lá tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ìkẹ́rẹ́, ló tú u, ó gbọn eruku inú rẹ̀, ó sì fi fáànù tuntun sí i. Fún oṣù méjì, kò yọ wá lẹ́nu.

Òjò wá ń rọ̀ lójoojúmọ́. Ẹ̀gúsí tí mo fọ̀ kò gbẹ, ó ti fẹ́ máa bu. Níbi tí mo ti ń gbálẹ̀ yàrá Kọ́lá ni mo ti rí i pé atẹ́gùn gbígbóná ń ti orí kọ̀ǹpútà náà jáde. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi mí rẹ́rìn-ín. Bí Kọ́lá bá ti fi í sílẹ̀ kó máa dá ṣiṣẹ́ fídíò, tó jáde, èmi á gbé asẹ́ lé e lórí, màá da ẹ̀gúsí sí i. Ẹ̀gúsí mi gbẹ dáadáa. Mi ò mọ̀ pé ibi tó fi ń mí ni mo dí, àti pé awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ ara ẹ̀gúsí ń bọ́ sínú fáànù.

Kọ̀ǹpútà bẹ̀rẹ̀ sí í kú fúnra rẹ̀. Táyọ̀ wá, ó dá tú u ní yàrá, ó ní káàdì náà ti jóná. Kò sọ ohun tó fà á. Ni Kọ́lá bá ní Táyọ̀ ti yọ fáànù tuntun, ó fi àlòkù rọ́pò rẹ̀. Ó pè é ní olè níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, lójú àwọn ẹgbẹ́ wọn, lójú ìyá Táyọ̀.

Mo wà níbẹ̀. Mo ti gbá èèpo ẹ̀gúsí nídìí kọ̀ǹpútà yẹn láàárọ̀ ọjọ́ náà, mo sì ti mọ̀ pé èmi ni mo bà á jẹ́. Mo ní nínú ọkàn mi pé inú ulé mi ni mo ti gbá a, ta ni yóò rí i? Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi wà níbẹ̀, orí wọ́. Mo tún ń mi orí pé ayé ti bàjẹ́. Ojú ló ń tì mí, ẹ jọ̀ọ́.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gbọ́ pé Táyọ̀ fẹ́ kó ìsọ̀ rẹ̀ kúrò ní Ìkẹ́rẹ́, torí wọn ò gbé iṣẹ́ wá fún un mọ́. Mo gun ọ̀kadà, mo bá a ní ìsọ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀. Mo fẹ́ kúnlẹ̀, ó dì mí mú.

Ó ní, "Mo ti mọ̀, mà. Mo bá èèpo ẹ̀gúsí nínú fáànù."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi níwèé, mà. Mo rò pé ẹ máa sọ ọ́ fúnra yín."

Mo sunkún. Ibẹ̀ ni mo ti pe Kọ́lá lórí fóònù. Ó ní kí n gbé fóònù fún Táyọ̀. Mi ò gbọ́ ohun tó sọ, àmọ́ Táyọ̀ rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ ìsinmi, Kọ́lá bẹ̀ ẹ́ níwájú àwọn ẹgbẹ́ wọn. Táyọ̀ ò kó lọ mọ́. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo ti sùn, mo sì ti jẹ iyán yó.

Ó wá ku ìyá Táyọ̀. Ìjókòó kan náà la jọ máa ń jókòó sí ní ṣọ́ọ̀ṣì. Láti ọjọ́ tí Kọ́lá ti pe ọmọ rẹ̀ ní olè ló ti lọ ń jókòó sẹ́yìn. Kọ́lá ti bẹ̀ ẹ́, ó sì ti gbà, ṣùgbọ́n èmi ò tíì lọ bá a. Lọ́la ni mo ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin abiyamọ, ẹ bá mi wá ọ̀rọ̀ sọ: kí ni màá sọ fún obìnrin tí mo dúró tì nígbà tí wọ́n ń pe ọmọ rẹ̀ ní olè, tí èmi sì mọ̀ pé kò jalè?