Ẹni Kẹwàá Nínú Kíláàsì Kíláùdù

Ká ní irọ́ máa ń rùn ni, ọ́fíìsì mi ì bá ti lé gbogbo àdúgbò lọ. Ẹ̀yin tí mo ti fọ̀nà hàn nílé ẹ̀kọ́ kọ̀ǹpútà wa, ẹ wá ibi jókòó sí. Lónìí, n ó fi ẹnu ara mi tú àṣírí ara mi.

Olùdámọ̀ràn ni mí. Ẹ mọ bí ọ̀rọ̀ sàtífíkéètì kọ̀ǹpútà ṣe rí: ti nẹ́tíwọ̀kì tí wọ́n fi ń so kọ̀ǹpútà pọ̀ wà, ti ààbò wà, ti détà wà, ti kíláùdù tí wọ́n fi orúkọ àwọsánmà pè náà wà, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ni bí a ṣe ń fi iṣẹ́ pamọ́ sórí kọ̀ǹpútà tó wà lókèèrè. Ọ̀kọ̀ọ̀kan tún bímọ, ọmọ tún bí ọmọ-ọmọ, débi pé ìyá wọn gan-an ò lè dárúkọ wọn tán. Bí ẹnì kan bá wọlé tí ojú rẹ̀ ti dà rú, n ó bọ́ awò ojú mi, n ó nù ún, n ó wá béèrè jẹ́jẹ́ pé, "Ṣé o máa ń ti ilẹ̀kùn lẹ́ẹ̀mejì kó o tó sùn?" Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, mo ní ti ààbò ló bá a mu. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ kọ́, mo ní ti ààbò náà ni, kó lè lọ kọ́ ọ. Ẹ rò pé ojú yín ni mò ń wò. Fèrèsé tó wà lẹ́yìn yín, tó kọjú sí àwọn kíláàsì, ni mò ń wò, kí n lè mọ kíláàsì tí àga ti ṣófo.

Ká ní mo dúró síbẹ̀ ni, ì bá sàn. Mo ṣe é fún àna mi. Àbúrò ìyàwó mi, tí a ń pè ní Atúrédíò torí pé láti kékeré ló ti ń tú rédíò bàbá rẹ̀ tó sì ń tò ó padà, wá bá mi. Ó ní, "Bùrọ̀dá, okùn àti ẹ̀rọ lọwọ́ mi fẹ́. Ṣé kí n ṣe ti nẹ́tíwọ̀kì?" Afọ́jú gan-an á rí i pé òótọ́ ló sọ. Àmọ́ kíláàsì nẹ́tíwọ̀kì ti kún dẹ́nu ọ̀nà, olùkọ́ kíláùdù sì ti yọjú sí mi láàárọ̀ pé, "Ọ̀gá afọ̀nàhàn, ẹni mẹ́sàn-án ni mo ní o. Bí wọn ò bá pé mẹ́wàá, wọ́n á ti kíláàsì mi pa." Mo bọ́ awò. Mo ní, "Àbúrò mi, ayé okùn ti lọ. Òkè ni kó o máa wò." Ó dúpẹ́ títí ojú fi tì mí díẹ̀. Díẹ̀ náà ni.

Ó ṣe ìdánwò kíláùdù lẹ́ẹ̀mejì, ó fìdí rẹmi lẹ́ẹ̀mejì. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo gbọ́ ọ ní kíṣìnnì tó ń sọ fún ìyàwó mi pé ilé ìwòsàn kan fẹ́ kí òun wá máa bójú tó nẹ́tíwọ̀kì wọn, àmọ́ òun máa kọ̀ ọ́. "Orí mi ò gbé kọ̀ǹpútà, Àǹtí. Bùrọ̀dá tó mọ̀wé wò mí fín, wọ́n júwe ọ̀nà fún mi, mi ò sì lè rìn ín." Ọ̀rọ̀ yẹn gún mi lára. Ẹni tí mo ṣì lọ́nà ló ń bú ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Mo wọlé, mo jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀, títí dórí àga kẹwàá. Ìyàwó mi rọra gbé ọ̀bẹ kalẹ̀. "Olówó orí mi, ṣé ibi tí àga ti ṣófo náà lẹ wò kẹ́ ẹ tó fẹ́ mi?" Atúrédíò ò rẹ́rìn-ín. Ó mú fóònù, ó pe ilé ìwòsàn, ó ní òun ń bọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Ló bá kọjú sí mi. "Bùrọ̀dá, ta ló ní kí ẹ̀yin ṣe olùdámọ̀ràn?"

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé, lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ dé ilé ẹ̀kọ́ wa, nẹ́tíwọ̀kì lèmi náà wá kọ́. Olùdámọ̀ràn tó gbà mí wọlé bọ́ awò rẹ̀, ó nù ún, ó ní, "Ojú tìẹ yìí, ojú olùdámọ̀ràn ni." Orí mi wú. Ọjọ́ kejì ló fi iṣẹ́ sílẹ̀. Àga rẹ̀ ni mo jókòó lé títí dòní.

Ẹ dárí jì mí. Ẹ̀yin ọ̀dọ́, bí àgbà bá ń yin ojú yín, ẹ kọ́kọ́ yíjú wo ohun tó ń wò.