Abẹ́rẹ́ fún Bàbá Olójú Pípọ́n

Ilé oògùn kan ní àdúgbò Kofar Doya, lápá àríwá, ni mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, níbi tí mo tò sí lẹ́yìn bàbá Ìlọrin kan tó rù, tí ojú rẹ̀ pọ́n, tó ń béèrè sìrínjì.

“Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ìwé dókítà yín dà?” ni ọmọbìnrin tó ń ta oògùn bi í.

“Ó wà nílé, ní Wamakko. Ṣé òfin ló ní kẹ́ ẹ má tà á fún mi ni?”

“Ti ìjọba kọ́, sà. Ọ̀gá wa ló ní ká máa béèrè ìwé, nítorí àwọn tó ń fi gún oògùn olóró sára.”

Bàbá náà wo ara rẹ̀ nínú dígí. “Ọ̀gá yín ò jẹ̀bi. Wallahi, bó bá jẹ́ èmi ló ń tajà, tí mo rí irú mi, mi ò ní tà á fún mi.”

Ọmọbìnrin náà rẹ́rìn-ín. “Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?”

“Àtọ̀gbẹ ló sọ mí dà báyìí. Ìyàwó mi ló ń fún mi ní abẹ́rẹ́ ínsúlíìnì. Ẹyọ kan náà la ń lò látọjọ́ yìí, ẹnu rẹ̀ sì ti kú.”

Ẹ̀rín kúrò lójú ọmọbìnrin náà. “Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀ mọ́, bàbá. Ẹ máa fi kó àìsàn mìíràn.”

Ó wọlé lọ bá ọ̀gá rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì gbé páálí sìrínjì kan jáde. “Tẹ́ ẹ bá ti lo ẹyọ kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ jù ú nù. Ẹ bá wa mú ìwé yẹn wá lọ́la.”

“Màá mú un wá,” ni bàbá wí. “Alápatà ni mí o, ṣùgbọ́n bí mo bá ti rí abẹ́rẹ́, ẹ̀rù á bà mí. Ìyàwó mi sọ pé àwọn màlúù tí mò ń dúḿbú ṣe ọkùnrin jù mí lọ.”